Ọ̀dọ̀ àwọn alábulẹ̀ Aomori ni jíǹsì alábulẹ̀ ti ṣẹ̀

Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni pé Amẹ́ríkà ló kọ́ àwọn ará Japan ní jíǹsì. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ṣòkòtò nìkan ni Amẹ́ríkà kó wá. Abulẹ̀ ara rẹ̀, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi báyìí, Aomori ló ti wá, ní ìpẹ̀kun àríwá erékùṣù Honshu.

Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òwú hù. Èèpo ewéko asa ni wọ́n fi ń hun aṣọ, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Láyé Edo (1603 sí 1868), òfin àwọn ìjòyè Tsugaru tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ò tiẹ̀ gbà kí àgbẹ̀ wọ aṣọ òwú. Àkísà tí ọkọ̀ ojú omi Kitamaebune ń kó bọ̀ láti apá Osaka làwọn obìnrin ń rà, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á rán an pọ̀. Boro ni wọ́n ń pè é, láti ara "boroboro". Etí Yorùbá ò ní ṣì í gbọ́: jákujàku náà ni.

Sashiko, ìyẹn gígún kéékèèké, ni ọ̀nà ìránṣọ náà. Abulẹ̀ á wọ abẹ́ ihò, á sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kọjá etí rẹ̀. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ara ibi tó ti gbó ni òwú máa di mú, á tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ìrán kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju hóró ìrẹsì lọ. Níbi tí ìlà bá ti yí padà, wọ́n á dẹ òwú díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fà á le, tí aṣọ bá fọ̀, ńṣe ni yóò hunjọ. Abulẹ̀ náà, fífọ̀ ni kó tó rírán. Èyí tó bá súnkì lára ṣòkòtò á fa etí ihò ya.

Aró ẹ̀lú Japan tó lókìkí jù, ti Tokushima ní erékùṣù Shikoku ni. Wọ́n á wọ́n omi sí ewé gbígbẹ, wọ́n á máa yí i fún nǹkan bí 100 ọjọ́, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú. (Ẹ̀lú tiwa igi tó ń fà ni, tiwọn ewéko kékeré ni, àmọ́ kò sí èyí tí ò nílò eérú.) Bí òtútù bá mú ìkòkò, aró ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Irú iṣẹ́ aró yìí ló bí ilé iṣẹ́ ahunṣọ Kaihara ní ìlú Fukuyama lọ́dún 1893. Ní 1970 wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń kó òwú jọ bí okùn, tó ń rì í bọ aró, tó ń yọ ọ́ sí afẹ́fẹ́, léraléra. Aró ò dé inú òwú, funfun ló wà níbẹ̀. Òun ló ń yọjú bí jíǹsì bá ń gbó.

Rírán jíǹsì fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ẹ̀rọ yìí. Ní ìlú Kojima, níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé, ilé iṣẹ́ Maruo, tó di Big John, fi aṣọ Amẹ́ríkà rán jíǹsì ní 1965. Ilé iṣẹ́ ahunṣọ Kurabo hun aṣọ jíǹsì Japan tirẹ̀, KD-8, ní 1973. Àwọn tó ń polongo Osaka máa ń ka Studio D'Artisan, ilé iṣẹ́ jíǹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1979, sí ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ àná ni. Ilé iṣẹ́ Kapital ti Kojima wà lára àwọn tó wá gbé boro sára jíǹsì.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó yí inú ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà síta. Ìrán ẹ̀rọ lásán máa ń gùn gbọọrọ lójú àti lẹ́yìn. Nínú ti ọwọ́, ibi tí òwú bá ti hàn lójú, àlàfo ló máa wà lẹ́yìn rẹ̀.