Òfin Kẹsàn-án ni ríbáùndì ti ṣẹ̀ wá

Nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball), wọ́n máa ń sọ pé pátákó ẹ̀yìn apẹ̀rẹ̀ ló bí ríbáùndì, ìyẹn gbígba bọ́ọ̀lù tó tàsé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Inú òfin kẹsàn-án, nínú òfin 13 tí James Naismith, ẹni tó dá eré náà sílẹ̀, kọ ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, lóṣù Kejìlá ọdún 1891, ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àpótí ni Naismith ní kí Stebbins, tó ń tọ́jú ilé náà, bá òun wá; apẹ̀rẹ̀ èso píìsì ni ìyẹn rí. Wọ́n kàn án mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀. Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà bọ́ọ̀lù tí kò bá wọlé lè bọ́ sáàárín àwọn tó ń wòran lókè. Òfin kẹsàn-án sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tó jáde ni yóò jù ú wọlé padà. Ó di kí wọ́n máa du àtẹ̀gùn gùn nìyẹn! Nínú ìdíje àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́sàn-án sí èèyàn mẹ́sàn-án, ẹyọ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wọlé, William Chase ló jù ú. Èyí tó tàsé ló pọ̀ jù, ó sì dá mi lójú pé ẹni tó bá gbọ́n ti ń ro ibi tí bọ́ọ̀lù máa bọ́ sí kó tó jù ú. Ìgbà tí àwọn òǹwòran ń na ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù dànù ni wọ́n tó gbé pátákó wá.

Sáà 1973-74 ni NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ríbáùndì iwájú, ìyẹn èyí tí ẹgbẹ́ tó ju bọ́ọ̀lù náà tún gbà padà, lọ́tọ̀. Moses Malone ló sọ ọ́ di iṣẹ́: 587 ló gbà fún ẹgbẹ́ Houston ní sáà 1978-79, kò sì tíì sẹ́ni tó gbà tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan. Yóò sá pamọ́ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, létí ìlà, níbi tí alátakò kò ti ní rí i. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, á fi ìdí ti alátakò náà kúrò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń pariwo Dennis Rodman, agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí fún ríbáùndì lẹ́yìn ìgbà náà, àmọ́ Malone ti la ọ̀nà náà tipẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní gbọ̀ngàn Fonde ní Houston, Hakeem Ọlájùwọ́n tiwa, ọmọ Èkó, ni Malone ń fi ìgbọ̀nwọ́ kọ́ lójoojúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

NBA fa ìlà oní-mẹ́ta ní 1979: bọ́ọ̀lù tó bá wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀ di àmì mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ń jù ú láti òkèèrè ni bọ́ọ̀lù ń ta jìnnà, làwọn kóòṣì bá ní káwọn èèyàn wọn máa sá padà lọ dáàbò bo ẹ̀yìn. Wọ́n ti tún ń rán wọn wọlé lọ gbà á báyìí, ẹgbẹ́ Houston ló sì gba ríbáùndì iwájú jù ní sáà 2024-25.