Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Ń Lé Sìgá Mẹ́ńtọ́lù Kúrò Lórí Kantà

Mẹ́ńtọ́lù ni nǹkan tó ń tu ọ̀fun nínú Tọ́mtọ́m. Bí wọ́n bá fi sínú sìgá, èéfín tí ì bá ta ọ̀fun á rọra wọlé bí atẹ́gùn tútù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ò sì ní wúkọ́ púpọ̀ kí nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, tó gbé e dè. Nínú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń mu sìgá ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 85 nínú 100 ló ń mu oní-mẹ́ńtọ́lù. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọn ò tó 10. Kì í ṣe ahọ́n wọn ló yí padà. Àwọn iléeṣẹ́ sìgá ló kó pátákó ìpolówó lọ sí àdúgbò wọn, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ pín sìgá ọ̀fẹ́ kiri, tí wọ́n sì ń náwó sí àríyá jáàsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò fi ń kọjú sí ẹni tó ń tà, tí wọ́n fi ẹni tó ń mu sílẹ̀.

Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ló fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní December 1989, ìròyìn jáde pé iléeṣẹ́ sìgá R.J. Reynolds fẹ́ dán Uptown wò níbẹ̀, sìgá mẹ́ńtọ́lù tuntun tí wọ́n dìídì ṣe fún aláwọ̀ dúdú. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn dókítà àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ para pọ̀. Wọn ò bá gbogbo sìgá jà, ẹyọ kan yẹn ni wọ́n gbájú mọ́. Ní January 1990, Louis Sullivan, mínísítà ìlera Amẹ́ríkà, tí òun náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú, bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní ìlú náà. Ọjọ́ kejì ni iléeṣẹ́ náà jáwọ́, sìgá ọ̀hún ò tíì dé ọjà rárá.

Èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí gùn ju ìyẹn lọ, torí òfin ni wọ́n ń wá. Kí ẹgbẹ́ kankan tó jókòó síbi tábìlì, ó gbọ́dọ̀ sọ bóyá ó ń gba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ sìgá. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, àwọn iléeṣẹ́ náà sì ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tipẹ́. Wọ́n tún ní láti ya àpò owó sọ́tọ̀: owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ ò ṣeé ná láti fi rọ ìgbìmọ̀ ìlú pé kó dìbò fún òfin.

Lẹ́yìn náà ni kíka ṣọ́ọ̀bù. Méjì-méjì ni wọ́n ń lọ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Wọ́n á kọ iye tí páálí kan jẹ́, bóyá ẹ̀dínwó wà, àti bóyá ìpolówó kankan wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ilẹ̀. Ibi tí ojú ọmọdé ń dé nìyẹn. Bí ìpolówó bá wà nísàlẹ̀ kantà lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìtì, àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó kà á. Ọmọ ọdún márùn-ún ò ní bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò irú èyí máa ń ṣe ju ọ̀rọ̀ wákàtí kan lọ níwájú ìgbìmọ̀ tó fún èèyàn kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú méjì péré.

Inú ìwé òfin gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Títà ni kí òfin dá dúró, kó má kan ẹni tó mú un lọ́wọ́, kí ìyà sì wà lórí ìwé àṣẹ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn òbí aláwọ̀ dúdú ò gbàgbé Eric Garner, tó kú lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní New York ní 2014 nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ta sìgá ẹyọ-ẹyọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá ti yanjú èyí ṣáájú, ibẹ̀ gan-an ni alátakò máa mú.

Kí wọ́n ṣọ́ àyè tí wọ́n bá yọ sílẹ̀. Oakland, ìlú kan ní California, fòfin de sìgá tí wọ́n fi adùn sí ní 2017, àmọ́ ó yọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ta tábà nìkan sílẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù míì sọ ara wọn di onítábà, ó sì di 2020 kí ìlú náà tó dí àyè yẹn. Òfin ìpínlẹ̀ California ní tiẹ̀ sọ nípa adùn àti òórùn, kò sọ̀rọ̀ ìtútù. Bí òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní December 2022, sìgá tí wọ́n ní kò ní mẹ́ńtọ́lù, tó sì ń tutù lọ́fun bíi tàná, kún orí kantà. Òfin míì ni wọ́n fi dí ihò náà.

Ká tiẹ̀ ní òfin kọjá, iléeṣẹ́ lè kó ìbuwọ́lùwé jọ kó fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní San Francisco nìyẹn: wọ́n ṣòfin ní 2017, àwọn aráàlú sì dìbò gbè é ní June 2018. Ti California, tí gómìnà buwọ́ lù ní August 2020, pẹ́ ju ọdún méjì lọ kó tó ṣiṣẹ́. Èrè ni gbogbo oṣù yẹn fún ẹni tó ń tà. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, dábàá ní April 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní January 2025, iṣẹ́ sì padà sọ́wọ́ àwọn ìlú àti ìpínlẹ̀.

Bí òfin bá ń súnmọ́, wọ́n á gbé tábìlì sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́. Ẹni tó ń mu ju 10 lọ lójúmọ́ máa ń fi pílásítà nikotíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, oní 21 mg, bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á wá bọ́ sí 14 mg fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà 7 mg fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan á já a kúrò lọ́sẹ̀ kejì torí ara ti ń bọ̀ sípò, sìgá á sì tún pè wọ́n. Ó dáa kí ẹgbẹ́ tẹ̀ wọ́n láago kó tó di ìgbà yẹn.