Gbẹ̀gìrì ni igbákejì olùdíje

Bí èèyàn bá dé ibùdó ìdìbò ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, tí wọ́n fún un ní bébà, tó ṣí i wò, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú àti orúkọ ẹgbẹ́ ní ìkékúrú ni yóò bá níbẹ̀. Kò sí orúkọ olùdíje, kò sí àwòrán rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti igbákejì. Èèyàn á tẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, á ká bébà, á jù ú sápótí, ó parí. Síbẹ̀, fún oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n máa mú ṣe igbákejì ló ń gba orí rédíò kan n'Ìbàdàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí lórí bébà, kí ló fẹ́ fi kó ìbò wá?

Ti òfin ò gba àkókò. Abala 142 nínú ìwé òfin 1999 ní ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ láìfa igbákejì kalẹ̀, a ò ní ka òun náà kún ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀. Ìbò kan náà ló gbé àwọn méjèèjì wọlé tàbí tó fi wọ́n sílẹ̀ síta.

Èyí tó ń dunni ni ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ wa lẹ́nu: "Ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n mú, ìbò ibẹ̀ ti wọlé nìyẹn." Àfi bíi pé ìpínlẹ̀ jẹ́ àpò gàrí tí igbákejì dì sẹ́yìn ọ̀kadà wá. Ẹ wo Anambra lọ́dún 1979. Nnamdi Azikiwe tó dupò lábẹ́ NPP, ọmọ ibẹ̀ ni. Alex Ekwueme, igbákejì Shehu Shagari nínú NPN, ọmọ ibẹ̀ ni. Philip Umeadi tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mú nínú UPN, ọmọ ibẹ̀ náà ni. Azikiwe ló gbá ìbò ibẹ̀ lọ. NPN ò rí ìdámẹ́rin níbẹ̀, ti UPN ò sì tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Igbákejì kì í bá ọmọ ìlú tó ń du ipò àkọ́kọ́ fà á, kó borí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, Delta ti ọdún 2023 ń bẹ. Gómìnà tó wà lórí àga, Ifeanyi Okowa, ni Atiku Abubakar mú. Lọ́dún 2019, nígbà tí Okowa kì í ṣe igbákejì olùdíje, ìbò 594,068 ni PDP rí ní Delta. Lọ́dún 2023 tó wà níbẹ̀, 161,600. Peter Obi ti Labour Party, tí kì í ṣe ọmọ Delta, rí 341,866. Nílé tiwa níhìn-ín ńkọ́? Lọ́dún 2019, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ti lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin nípò igbákejì ààrẹ, síbẹ̀ Atiku láti Adamawa àti Obi láti Anambra, tó mú ṣe igbákejì nígbà náà, rí 366,690 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Buhari àti ọmọ Yorùbá tó mú rí 365,229. Ìyàtọ̀ 1,461 péré ni, àmọ́ ẹgbẹ́ tó mú "ọmọ wa" ló wà nísàlẹ̀.

Gbẹ̀gìrì ni igbákejì. Àmàlà ni olùdíje fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wọ mọ́tò láti Mọ́kọlá torí gbẹ̀gìrì nìkan. Àmàlà tó gbóná, tó dán, tí kò ní kókó ló ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àmàlà yẹn kalẹ̀ láìsí ọbẹ̀, òkèlè kẹta ò ní kọjá ọ̀fun. Iṣẹ́ gbẹ̀gìrì ni kó jẹ́ kí ó ṣeé gbé mì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣe méjì sí olùdíje, tó ń rò ó pé bóyá ọkùnrin yìí ti dàgbà jù, bóyá ẹ̀sìn rẹ̀ ò ní jẹ́ kó rí tàwọn ẹlòmíì rò, bóyá kò mọ ọ̀rọ̀ owó, igbákejì ni yóò fi tì í lọ́fun. Bí a bá tiẹ̀ ti dé ìdí àbùlà, ewédú ni àwọn gómìnà ẹgbẹ́: ó ń yọ̀, kò ṣeé dì mú, àmọ́ abọ́ ò pé láìsí i. Ata ni owó ìpolongo. Ẹran ni ipò tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn èèyàn, kì í sì í kárí. Ohun tó jẹ́ kí àfiwé yìí wúlò ju ìtàkúrọ̀sọ lọ ni pé gbẹ̀gìrì tètè ń kan. Èyí tó dùn jù láyé ò lè sọ àmàlà tó sè burúkú di rere, àmọ́ ṣíbí kan èyí tó kan, odindi abọ́ ló bà jẹ́. Èrè igbákejì tó dáa kéré, àdánù tí èyí tí kò dáa ń fà pọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ìgbà tí wọ́n dìídì dán an wò. Lọ́dún 2011, Muhammadu Buhari dupò lábẹ́ CPC, ó mú Túndé Bakare: ọmọ Yorùbá, pásítọ̀, ẹni tó kàwé òfin. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kò wọlé ní ẹyọ kan. Lọ́dún 2015, Buhari kan náà mú Ọ̀ṣínbàjò: ọmọ Yorùbá, pásítọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin. Ó wọlé ní márùn-ún nínú mẹ́fà, Èkìtì nìkan ló bọ́. Kí ló yí padà? Kì í ṣe ẹ̀yà, kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́dún 2013, ACN, CPC àti ANPP ti da ara wọn pọ̀ di APC. Bakare dé láìní alága wọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn. Ọ̀ṣínbàjò ní àwọn gómìnà lẹ́yìn, Ọ̀yọ́ wà nínú wọn, àwọn gómìnà yẹn ní alága ìjọba ìbílẹ̀, àwọn yẹn ní ẹni tó mọ ojúlé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò, tó sì lè fi aṣojú ẹgbẹ́ sí ibùdó ìdìbò láti àárọ̀ títí wọ́n fi ka ìbò tán. Igbákejì jẹ́ ìwé àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lójú gbogbo ayé pé apá ibí yìí ti wọ ọjà náà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìwé ló ń ru ẹrù.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà gan-an ni ìṣirò ìdámẹ́rin. Kí èèyàn tó di ààrẹ, kò tó kó ní ìbò tó pọ̀ jù. Ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdámẹ́rin ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ àti Abuja. Nínú ìpínlẹ̀ 36, 24 nìyẹn. Fún ìdí èyí, igbákejì lè "pàdánù" agbègbè rẹ̀ kó sì ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ mú un. Ká ní ìbò tó dára tó 600,000 ní ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà sílé olùdíje. 150,000 ló ń wá níbẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní 120,000, ó ku 30,000. Bí ìpínlẹ̀ náà bá ní wọ́ọ̀dù 200, ìbò 150 ni wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan máa fi kún un. Agboolé mélòó kan ni, àti àlùfáà kan tó ní "ẹ má bẹ̀rù ọkùnrin yìí." Iye tí igbákejì lè rí mú wá nìyẹn. Ẹ wo Katsina lọ́dún 2023, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú mú Kashim Shettima, ọmọ àríwá, ṣe igbákejì: Atiku 489,045, Tinúbú 482,283. Sokoto: Atiku 288,679, Tinúbú 285,444. Lórí pátákó àbájáde, Tinúbú pàdánù méjèèjì. Nínú ìṣirò, ìdámẹ́rin ti kún kọjá. Àwọn ará Ìbàdàn tó ti dàgbà mọ̀ bí ìṣirò yìí ṣe lè le tó: lọ́dún 1979 tí ìpínlẹ̀ jẹ́ 19, ọmọ ìlú wọn, Richard Akinjídé tó jẹ́ agbẹjọ́rò NPN, ló jà á délẹ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan.

Ti ẹ̀sìn ò yàtọ̀ sí gbẹ̀gìrì. Nígbà tí Tinúbú mú Shettima, Mùsùlùmí méjì wà lórí pósítà kan. Ẹ̀rù kúrò lára àwọn kan lápá àríwá, ó sì bọ́ sára àwọn mìíràn: Plateau, Nasarawa àti Abuja bá Labour Party lọ. Àwọn tó ń dáhùn pé "Abíọ́lá àti Kingibe ṣe é ní 1993, ó sì wọlé" ń gbàgbé pé ẹgbẹ́ méjì péré ló wà nígbà náà. Ẹni tínú bá ń bí sí SDP, ọ̀dọ̀ NRC nìkan ló lè gbà, Mùsùlùmí sì ni Bashir Tofa tó ń díje níbẹ̀. Lọ́dún 2023, ilẹ̀kùn kẹta ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìdá kan tún wà tí a kì í kà: ẹni tí wọn ò mú. Nyesom Wike, gómìnà Rivers nígbà náà, ló ṣe ipò kejì nínú ìbò abẹ́lé PDP lọ́dún 2022. Okowa ni wọ́n mú. Gómìnà márùn-ún kóra jọ, wọ́n ní alága ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fipò sílẹ̀ torí òun àti olùdíje jọ wá láti àríwá ni. Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ wà nínú wọn. Ní Ọ̀yọ́ tí Atiku ti borí ní 2019, ìbò rẹ̀ já wálẹ̀ sí 182,977. Òótọ́ ni pé ọmọ Yorùbá ń dupò lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn nìkan sì lè jẹ ìbò púpọ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí gómìnà rẹ̀ káwọ́ gbera kì í fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ ojúlé sí ojúlé.

Torí ìbẹ̀rù yìí ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ ẹlòmíì di àyè mú. Lọ́dún 2022, 17 oṣù kẹfà ni INEC ní kí orúkọ olùdíje àti igbákejì dé, wọ́n sì lè pààrọ̀ títí di 15 oṣù keje. Tinúbú fi orúkọ Kabir Masari sílẹ̀, Obi fi ti Dóyìn Òkúpè sílẹ̀, kí wọ́n lè rí àyè dúnàádúrà. Ẹni tó ń di àyè mú gbọ́dọ̀ kọ̀wé yọ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń gbé ìwé náà dé INEC. Bó bá yarí, ọ̀ràn dé.

Ìwé ẹ̀rí igbákejì náà sì ń pa olùdíje. Ní Bayelsa, ọjọ́ kan ṣáájú kí wọ́n búra fún David Lyon ní gómìnà, oṣù kejì 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìbò rẹ̀ torí ìwé tí igbákejì rẹ̀ fi sílẹ̀ fún INEC. Lyon fúnra rẹ̀ ò ṣẹ̀.

Àléébù ètò yìí, lójú ẹni tó ń wò ó dáadáa, wà lẹ́yìn ìbúra. Agbègbè fi ìbò san owó ọjà, àmọ́ ìwé òfin ò fún igbákejì ní iṣẹ́ púpọ̀ ju alága ìgbìmọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè àti ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ mélòó kan. Ìyókù, ohun tí ààrẹ bá fà lé e lọ́wọ́ ni. Ààrẹ ò lè lé e, ilé ẹjọ́ ti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ọbásanjọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí Atiku, àmọ́ ó lè fi í sílẹ̀ lórí àga kó máa wo òrùlé. Nípìínlẹ̀, àwọn aṣòfin lè yọ igbákejì gómìnà. Lọ́jọ́ 18 oṣù keje 2022, wọ́n yọ Rauf Ọláníyan, igbákejì gómìnà Ọ̀yọ́, ọmọ Ìgbòho ní Òkè-Ògùn, nílé aṣòfin ní Agodi. Òkè-Ògùn ní ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 Ọ̀yọ́, Ìbàdàn ní 11. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n búra fún ẹni tó rọ́pò rẹ̀, Bàyọ̀ Lawal. Ọmọ Kìṣí ni, Òkè-Ògùn kan náà.