Ilé ṣáájì mélòó ló tó láti Àkúrẹ́ dé Èkó?

Fọgánáísà ń tú táyà mi lọ́wọ́ lọ́nà Ọ̀bá-Ilé nígbà tí ọkọ̀ kan kọjá wẹ́rẹ́. Kò hó, kò tú èéfín. Bàbá awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí táyà àlòkù fi ojú sìn ín títí ó fi yà.

"Ọkọ̀ oníná nìyẹn," ni Bàbá wí. "Alágbàká tó wà ní Àkúrẹ́ níbí ni wọ́n á máa fi yí po. Kí irú ẹ̀ tó lè dé Èkó, àfi kí ilé tí wọ́n ti ń ṣáájì ẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀ tó ilé epo. Ta ló máa kọ́ ọ?"

Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ìgbà tí mo délé tí mo mú bírò ni mo rí i pé ìṣirò kò gbè é.

Ohun tó ń tan gbogbo wa ni pé ojú ilé epo la fi ń wo ilé ṣáájì. Ilé epo pọ̀ nítorí kò sẹ́ni tó ní kànga bẹntiróò lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń lọ Ọjà Ọba, ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń lọ Kánò, ilé epo kan náà ni gbogbo wọn máa ń yà. Ti ọkọ̀ oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá tí a fi ń lo éèsì lè fún un ní nǹkan bíi kílówáàtì mẹ́ta. Tí iná bá wà fún wákàtí mẹ́jọ lóru, yúníìtì 24 ti wọlé nìyẹn, yúníìtì kan náà tí à ń fi káàdì rà sí mítà. Ìyẹn lè gbé ọkọ̀ rin kìlómítà bíi 130. Àkúrẹ́ sí Oǹdó, àlọ àtàbọ̀, kò ju nǹkan bíi 100 lọ. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ lè má rí ilé ṣáájì sójú fún oṣù mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Iná wo? Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gbowó gọbọi lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Band A pẹ̀lú ìlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, sólà tàbí sùúrù ló kù fún un. Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn, a ó fi í sílẹ̀ ná. Ojú ọ̀nà ni Bàbá ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ gba yúníìtì 50, èyí tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré. Ní márosẹ̀, tí éèsì ń fẹ́, ó máa ń jẹ tó yúníìtì 18 nínú 100 kìlómítà. Láti Àkúrẹ́ gba Oǹdó àti Òrè dé Èkó tó 300 kìlómítà. Yúníìtì 54 nìyẹn. Ọkọ̀ tó kún dẹ́múdẹ́mú láti Àkúrẹ́ yóò rìn, yóò rìn, yóò sì kú nígbà tó ti ń gbóòórùn Èkó. Yúníìtì mẹ́rin péré ló dín! Gbogbo ẹ̀rù tí à ń bà, lórí yúníìtì mẹ́rin ni, àti díẹ̀ tí ọlọ́gbọ́n máa fi pamọ́ de ìdíwọ́ ọ̀nà. (Sún kẹrẹ fà kẹrẹ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bani kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná: ọkọ̀ tí kò rìn, éèsì nìkan ló ń bọ́. Eré àsápajúdé gan-an ló ń gbẹ bátìrì.)

Tí ilé ṣáájì kan bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọkọ̀ yìí á débẹ̀ pẹ̀lú yúníìtì bíi 14. Kí ẹ tó jẹ ẹ̀kọ tán, ogún yúníìtì mìíràn ti wọlé. Tí òmíràn bá tún wà ní Òrè, ọ̀nà Bìní sí Èkó ti ṣí nìyẹn, nítorí Òrè ni àwọn tó ń bọ̀ láti Bìní ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun tipẹ́. Àwọn kan mọ Òrè sí "ó le kú, ìjà Òrè" ti ọdún 1967, àwọn yòókù mọ̀ ọ́n sí iyán àti ẹran ìgbẹ́. Ibi tí èèyàn ti ń jókòó jẹun fún ogún ìṣẹ́jú ni ibi tó yẹ kí ọkọ̀ náà ti jẹun.

Ibi méjì la ṣì ń kà yìí. Kò tíì pé mẹ́ta.

Ẹ wá wò ó láti òdì kejì. Ká ní ilé ṣáájì 200 wà ní Èkó, 50 wà ní Bìní, tí kò sí ẹyọ kan láàárín méjèèjì. Lórí ìwé, a ti ní 250. Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ kékeré kò lè kọjá. Bí afárá kan bá já lójú ọ̀nà tó ní ọgọ́rùn-ún afárá, kí ni 99 tó kù fẹ́ ṣe fún onírìn-àjò? Àlàfo tó gùn jù lọ ló ń sọ bí ọ̀nà kan ṣe rí. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù kò fi ka iye, ọ̀nà jíjìn ló ń wọ̀n: lórí àwọn márosẹ̀ pàtàkì wọn, wọ́n ní ilé ṣáájì ayára gbọ́dọ̀ ti wà ní gbogbo 60 kìlómítà kí ọdún 2025 tó parí. Nígbà tí Amẹ́ríkà náà gbé ètò tirẹ̀ kalẹ̀, gbogbo máìlì 50 ni wọ́n kọ sílẹ̀, bíi 80 kìlómítà. Tiwa ní Nàìjíríà, ọgbà yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí irú rẹ̀ tó ń lo sólà, lọ́dún 2021. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni, kò di àlàfo kankan lójú ọ̀nà.

Ibì kan wà tí Bàbá ti borí mi o. Tí epo bá tán lójú ọ̀nà, ọmọ kan á yọ láti inú igbó pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, á rẹ́ yín jẹ, ẹ ó sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbé iná sínú kẹ́ẹ̀gì. Nítorí náà àlàfo dun ọkọ̀ oníná ju ọkọ̀ elépo lọ, kò sì yẹ ká pa ìyẹn mọ́.

Ó tún burú sí i níbi tí ẹ̀rọ bá ti jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ ní Òrè ti sọ àlàfo méjì di ẹyọ kan gbọọrọ. Ètò Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn ní kí ẹnu wáyà tó mẹ́rin níbì kan, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ fún ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò. Èmi yóò yan ibi méjì tó ní ẹnu mẹ́rin-mẹ́rin ju ibi mẹ́jọ tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Ìwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ń lò níbẹ̀ ló fà á: ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti epo, ìdajì wákàtí ni ti iná. Ẹnu kan kò lè bọ́ ju ọkọ̀ méjì lọ ní wákàtí kan.

Ẹ má sì jókòó débi pé ó máa kún. Ẹni tó bá ti rọ ẹmu sínú akèrègbè rí mọ bó ṣe ń rí: lákọ̀ọ́kọ́ ẹ lè dà á gbàà, ṣùgbọ́n bó bá ti ń súnmọ́ ọrùn, ìfófòó á gòkè, ẹ ó di ẹni tó ń rọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì náà rí bẹ́ẹ̀. Láti ìdá 10 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún lè gba ìdajì wákàtí, ìdá 20 tó kù sì lè tún gbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lóye á yọ wáyà ní 80, á jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀.

Níbo wá ni wàhálà gidi wà? Tiransifọ́mà ni. Ẹ̀rọ ayára kan lè fà tó kílówáàtì 150, bí ẹni tí àádọ́jọ áyọ́ọ̀nù ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà lójúlé kan. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 600. Tiransifọ́mà tó ń bọ́ odidi àdúgbò kan níbí sábà máa ń jẹ́ 300 tàbí 500. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbòmíràn ni pé wọ́n á gbé bátìrì ńlá sílẹ̀ nílé ṣáájì, á máa mu iná jẹ́jẹ́ látàárọ̀, á sì tú u fún ọkọ̀ kíákíá, bí a ti ń gbé omi sí táǹkì nígbà tí omi ẹ̀rọ bá ń ro tótó. Sólà nìkan kò ní tó: ọgọ́rùn-ún pánẹ́ẹ̀lì ńlá lábẹ́ ìkùukùu tiwa lè má bọ́ ju ọkọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ lóòjọ́. Àfi kí waya NẸ́PÀ náà wà níbẹ̀. Ẹnu wáyà náà tún yàtọ̀ síra: ọkọ̀ oníná Nissan Leaf tòkúnbọ̀ ní ẹnu tirẹ̀, ọkọ̀ Ṣáínà ní tirẹ̀, ti Yúróòpù ní tirẹ̀. Ilé ṣáájì tí kò bá ní ẹnu tó bá ọkọ̀ yín mu, àlàfo ló ṣì jẹ́ fún yín.

Mo padà sọ́dọ̀ fọgánáísà lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá wà níbẹ̀. Mo kà á fún un bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Ó gbọ́ títí.

"Kò burú. Ṣùgbọ́n Èkó kọ́ lèmi ń ná. Ìkàrẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀."

Mo tún mú bírò. Láti Àkúrẹ́ gba Ọ̀wọ̀ dé Ìkàrẹ́ tó 100 kìlómítà, àlọ àtàbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti jẹ yúníìtì 36, òkè Àkókó ò sì tíì gba tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣeé ṣe, ẹ̀ẹ̀kejì kò ní jẹ́. Mo bi í pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń pẹ́ tó ní gáréèjì kí ọkọ̀ yín tó kún?"

"Tí mo bá wà ní ipò kẹrin," ó ṣírò ó lórí ìka, "wákàtí kan àtààbọ̀. Nígbà mìíràn méjì."

Ẹ̀rọ kékeré tí kò ju kílówáàtì 20 lọ, tí tiransifọ́mà gáréèjì lè gbé, á ti fún un ní yúníìtì 30 láàárín wákàtí kan àtààbọ̀ yẹn. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá yíjú sí fọgánáísà: "Ìwọ gbọ́ ohun tó wí? Ibi tí mò ń jókòó sí lásán yẹn!"