Bí èrò bá ń pọ̀ sí i, ṣé owó ń pọ̀ sí i ni?

Ìbéèrè: Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ. Bí èrò bá ti pọ̀ ni ọjà mi ń tà. Kí ló wá dé tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fi ń kọminú pé a ti ń pọ̀ jù?

Ìdáhùn: Ajé á wọgbá o, ìyá. Ohun tẹ́ ẹ sọ kì í ṣe irọ́. Ìkànìyàn 1991 ka èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.3 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ti 2006, tí a kò tíì ka òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, ka mílíọ̀nù 3.75. Àwọn tó sá fún owó ilé Èkó wà nínú wọn. Ẹni tó kó dé tòun ti iṣẹ́ lọ́wọ́, oníbàárà yín ni lọ́jọ́ kejì. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá ńkọ́? Ó lè tó ogún ọdún kó tó pa owó tirẹ̀. Oúnjẹ, ìwòsàn, ilé ìwé, àpò ẹlòmíì ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Owó tí ìyá rẹ̀ ì bá fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì ti lọ síbẹ̀. Ìjọba pẹ̀lú, kíláàsì tuntun ló ń kọ́ kiri, kò rówó tún àtijọ́ ṣe. Ní Nàìjíríà, nínú èèyàn mẹ́wàá, ó ju mẹ́rin lọ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àti iye àwọn tí wọ́n ń bọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ìbéèrè: Rédíò ṣáà ń sọ pé ọrọ̀ ajé ń dàgbà.

Ìdáhùn: Ó lè máa dàgbà, kí ìpín yín sì máa kéré. Ní 2017, ọrọ̀ ajé wa fi nǹkan bí ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Àwa èèyàn fi bí ìdá 2.5 lé sí i lọ́dún kan náà. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ṣé ká má bímọ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Ní 1960, obìnrin kan ní Gúúsù Kòríà ń bí tó ọmọ mẹ́fà. Kí 1990 tó dé, kò tó méjì mọ́. Láàárín ìgbà náà, àwọn tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀, ọmọ tí wọ́n ń tọ́ kò pọ̀. Ìyẹn ran ọrọ̀ ajé wọn lọ́wọ́, torí pé wọ́n ti kàwé, ilé iṣẹ́ sì wà tó ń gbà wọ́n. Láìsí ìyẹn, ọ̀dọ́ tó pọ̀ láìríṣẹ́ la ó kàn ní, mi ò sì rò pé Abẹ́òkúta ṣàìmọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Lónìí, Kòríà ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ kí wọ́n bímọ: ní 2023, obìnrin mẹ́wàá kò bí ju ọmọ bíi méje lọ. Arúgbó ló kù tí wọ́n ń bọ́.

Ìbéèrè: Kí ìjọba kúkú ṣòfin sí i.

Ìdáhùn: Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ìlànà tí ìjọba Nàìjíríà gbé jáde ní 1988 ní kí obìnrin fi mọ sí ọmọ mẹ́rin. Ní 2018, ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn náà, obìnrin mẹ́wàá ṣì ń bí ọmọ bíi 53; ìwádìí 2023 sí 2024 ní ó ti di 48. Ìwé tí àwọn ọmọbìnrin ń kà wà lára ohun tó ń fà á wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé ọmọ ń yè. Ẹ wo iye Málọmọ́ àti Dúrójayé tó wà láàárín àwọn àgbà ilé yín, kẹ́ ẹ wá wá irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Òbí tó bá dá a lójú pé ọmọ òun á yè kò ní torí ẹ̀rù bí méjì lé e.