Níbo Ni Akọ́dà Ti Ń Jẹun?

Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ti gbòde ni àwọn èèyàn ti ń bi mí, èmi tí mo ń tọ́jú ìwé ìjọba ìbílẹ̀ àtijọ́, pé báwo ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Ìdí owó ni mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ.

Akọ́dà, ẹni tó ń kọ́ idà sí èjìká, ìránṣẹ́ ọba àti ìjòyè ni; òun ni ọlọ́pàá ayé ìgbà náà. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ owó oṣù. Ilé olóyè ló ti ń jẹun, bí wọ́n bá sì rán an lọ sí abà, ẹni tí wọ́n rán an sí ni yóò bọ́ ọ. Àgbẹ̀ tí wọ́n wá pè lẹ́jọ́ yóò gún iyán, yóò mú adìẹ sílẹ̀, yóò sì fi owó ẹsẹ̀ lé akọ́dà lọ́wọ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Ẹjọ́ ni pẹpẹ akọ́dà: bí ẹjọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni oúnjẹ rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ibẹ̀ gan-an ló ti bàjẹ́.

Ẹ̀gbá gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ìjọba tiwọn, láti 1893 sí 1914, ní ọlọ́pàá tirẹ̀, owó oníbodè sì wà lára ohun tó ń wọ àpò ìjọba náà. Nígbà tí òyìnbó fi owó orí rọ́pò owó bodè, Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní 1918. Owó orí yìí náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù ọlọ́pàá ìbílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Owó oṣù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ló ti ń wá. Òfin ilẹ̀ wa ti 1963 fàyè gbà á kí ìjọba ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá. Ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ òṣèlú tó wà lórí àlééfà ló ń darí ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀, wọ́n sì ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́ yìí sí alátakò wọn. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ gbàjọba 1966, ìgbìmọ̀ tí Yusuf Gobir darí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìjọba ológun sì da ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀. Òfin 1979 wá sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni a óò ní.

Nígbà tí wọ́n bá gbé àbádòfin tuntun jáde, ẹ má ṣe dúró sórí aṣọ àti ìbọn. Ẹ wá ojú ewé owó. Ta ni yóò fọwọ́ sí owó oṣù? Bí owó ọ̀hún bá sì pẹ́ oṣù mẹ́ta, ilé ta ni ọmọ iṣẹ́ tó wà ní abà yóò ti jẹun?