Toyota Camry nínú ìdánwò ìkọlù

Toyota Camry jẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ elérò márùn-ún tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń lò ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sì ń ti ibẹ̀ wọ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn àjọ tó ń dán ọkọ̀ wò ti ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í kọ lu ìdènà kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀, èsì wọn sì fi hàn pé máàkì tí ọkọ̀ gbà kò kọjá irú ìkọlù tí wọ́n fi dán an wò.

Nínú ìdánwò tí àjọ IIHS, tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń náwó fún, bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ iwájú ọkọ̀ ló ń kọ lu ìdènà lórí eré kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Ère onírin àti rọ́bà ló ń jókòó sídìí sítíárìn. Wọ́n a fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀, kí ibi tí orí rẹ̀ bá gbá lè hàn kedere.

Ní 2012, IIHS mú èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ wá: ìdá 25 péré ní igun ìhà awakọ̀ ló ń kọ lu ìdènà tí kì í tẹ̀. Àwọn irin ńláńlá iwájú ọkọ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti rún pọ̀ kí agbára ìkọlù má bàa dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, kì í sábà dé igun yẹn, nítorí náà táyà àti òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú ló ń fara gbá a. Camry tó ti gba «Ó dára» nínú ti ìdá 40 wá gba «Kò dára», ìpele tó kéré jù lọ, nígbà tí Honda Accord ti 2013 gba «Ó dára». Òpó gíláàsì Camry tẹ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù sún wọlé, orí ère náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpò afẹ́fẹ́ kó tó yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Toyota tún un ṣe, Camry ti 2015 sì gba «Ó dára».

Ìjókòó ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ kàn lẹ́yìn náà, ó sì yẹ kó ti kàn án tipẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jókòó sí. Láti 2022 ni IIHS ti ń gbé ère kan, tó tó obìnrin kékeré tàbí ọmọ ọdún 12, sí ẹ̀yìn awakọ̀. Ní 2023, ìpele kẹta nínú mẹ́rin ni Camry wà. Ewu tí ìdánwò yìí ń ṣọ́ jù ni pé kí bẹ́líìtì fò kúrò lórí egungun ìbàdí, kó sì máa fún ikùn. Síbẹ̀, ẹ̀yìn náà ni IIHS ṣì ní kí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 máa jókòó sí, torí àpò afẹ́fẹ́ iwájú lè ṣe wọ́n léṣe bó bá wú.